Ìmọ̀ Ẹnu Ọ̀nà: Kólámù, Ràngólì àti Ọgbọ́n Àwọn Obìnrin Ilẹ̀ Íńdíà

  

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí á jọ rìnrìn àjò lónìí lọ sí gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, sí ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, níbi tí àwọn obìnrin ti ń jí ní ìdájí láti fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya ọnà sí ilẹ̀ níwájú ilé wọn. Kólámù ni wọ́n ń pe ọnà náà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọlé tó ń jáde á ti tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ á ti gba orí rẹ̀ kọjá, èèrà á ti kó nínú rẹ̀ lọ sílé, atẹ́gùn á sì gbé ìyókù. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, obìnrin náà á tún gbálẹ̀, á tún ya òmíràn.

Ẹni tó kàn ń kọjá lọ lè rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ohun tí mo wá sọ ni pé ìmọ̀ ni. Ìmọ̀ tó ní òfin ni, ó ní ìṣirò, ó sì ní ìwà ọmọlúàbí nínú. Mo tún wá sọ pé ohun tó gbé ìmọ̀ náà dé òní ni pé kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo: ọwọ́ gbogbo ilé ló wà, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń ṣe é. Orí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi dúró lé.

Bí wọ́n ṣe ń yà á

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ilẹ̀ gbígbá ló ṣáájú. Obìnrin náà á gbá iwájú ilé títí kò fi ní sí ewé tàbí òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀, á wá wọ́n omi sí i. Láyé àtijọ́, àti ní ọ̀pọ̀ abúlé títí di òní, wọ́n máa ń po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi náà. Kí ẹnikẹ́ni má yínmú sí i. Àwọn ìyá tiwa náà fi ìgbẹ́ màlúù ra ilẹ̀ alámọ̀ kí ó lè dán, kí eruku má sì máa sọ. Omi yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń pa eruku, ó ń mú kí ilẹ̀ dúdú díẹ̀ kí funfun ìyẹ̀fun lè hàn, ó sì ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyẹ̀fun náà kò gbọ́dọ̀ kúnná jù, nítorí èyí tó bá kúnná jù á lẹ̀ mọ́ ìka, kò ní í ṣàn. Obìnrin náà á bu díẹ̀, á fún un mọ́ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdúró ló fi ń ṣe é: ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, orúnkún rẹ̀ kò ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kan ilẹ̀. Ìyẹ̀fun ló ń bọ́ láti òkè wá sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá yá, ìlà á tín-ín-rín. Bí ọwọ́ bá falẹ̀, ìlà á nípọn. Kò sí rúlà, kò sí okùn ìwọ̀n, kò sí pé ó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà á. Ojú àti ọwọ́ nìkan ni.

Ẹ̀kán ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ ń dá sílẹ̀, èyí tí àwọn Tàmíìlì ń pè ní pulli. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tò ó. Nínú ọ̀kan, ìlà ẹ̀kán kan á dojú kọ èkejì gan-an, ẹ̀kán á wà lábẹ́ ẹ̀kán. Nínú èkejì, ẹ̀kán ìlà ìsàlẹ̀ á bọ́ sí àárín ẹ̀kán méjì tó wà lókè. Bí wọ́n bá ti tò ó tán, onírúurú kólámù ni wọ́n lè mú jáde láti inú rẹ̀. Nínú irú kan, ìlà ń so ẹ̀kán mọ́ ẹ̀kán títí tí wọn yóò fi di òdòdó, ẹyẹ, ẹja tàbí fìtílà. Nínú irú kejì, tí wọ́n ń pè ní sikku, ìlà kì í kan ẹ̀kán rárá. Ṣe ló ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín wọn, tó ń yí wọn po lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sikku yìí ni ọ̀gá, òfin rẹ̀ sì le. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹ̀kán kan tí ìlà kò yí po. Ìlà lè dábùú ara rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ìlà kò gbọ́dọ̀ já sófo: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ padà sí. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, òkè àti ìsàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Èyí tó gba ìyìn jù ni kí gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, tí kò já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọbìnrin á máa wo ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀, á máa ya tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìka rẹ̀ á máa kọ́ bí ìyẹ̀fun ṣe ń bọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní ìwé tí wọ́n ń ya bátànì sí, èyí tó ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ìwé ìròyìn Tàmíìlì pàápàá ń tẹ bátànì tuntun jáde, àwọn obìnrin sì ń jíròrò lé e lórí bí àwọn mìíràn ṣe ń jíròrò lórí bọ́ọ̀lù.

Ta ni wọ́n ń yà á fún?

Bí ẹ bá bi obìnrin Tàmíìlì pé kí ló dé tó fi ń ya kólámù, ìdáhùn tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni Lakshmi. Lakshmi ni òrìṣà ọlà, ọrọ̀ àti ire gbogbo nínú ẹ̀sìn Híńdù. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Mudevi, tó jẹ́ òrìṣà ìṣẹ́, ọ̀lẹ àti oríburúkú. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ilé tó mọ́, tí wọ́n ti gbá, tí ọnà funfun wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní òwúrọ̀, ni Lakshmi ń yà sí. Ilé tí ilẹ̀ ti mọ́ bá tí wọn kò tíì jí gbálẹ̀ ni Mudevi ń wọ̀. Nítorí náà ìpè ni kólámù jẹ́, ààlà sì tún ni. Ó ń pe ire wọlé, ó ń ní kí ibi dúró síta.

Ṣùgbọ́n òrìṣà nìkan kọ́ ni àlejò. Oúnjẹ ni ìyẹ̀fun ìrẹsì. Èèrà ń jẹ ẹ́, ẹyẹ ń ṣà á, kòkòrò àti ọ̀kẹ́rẹ́ ń rí tiwọn mú nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ Híńdù, gbèsè wà lọ́rùn onílé lójoojúmọ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé kó fún àwọn ẹ̀dá mìíràn lóúnjẹ. Obìnrin tó fi ìyẹ̀fun ìrẹsì yàwòrán ti san gbèsè yẹn kí ó tó dáná oúnjẹ ilé ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Vijaya Nagarajan, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì San Francisco, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Tamil Nadu. Àkọlé tó fún ìwé rẹ̀, Feeding a Thousand Souls, ti inú ọ̀rọ̀ yìí jáde: bíbọ́ ẹgbẹ̀rún ẹ̀mí.

Kólámù tún ń sọ̀rọ̀ fún ará àdúgbò. Nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ilé náà kì í ya kólámù. Ẹni tó bá kọjá ní àárọ̀ tó sì rí ilẹ̀ lásán níbi tí ọnà máa ń wà, á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe, á sì wọlé lọ béèrè. Nígbà ìgbéyàwó ẹ̀wẹ̀, wọ́n á lọ ìrẹsì tí wọ́n ti rẹ sínú omi, wọ́n á fi omi funfun rẹ̀ ya kólámù ńlá tó ń pẹ́ nílẹ̀ ju ti ìyẹ̀fun gbígbẹ lọ, wọ́n á sì fi amọ̀ pupa yí etí rẹ̀ po. Alágbe àti ẹni tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn náà mọ̀ ọ́n kà: ilé tó ya kólámù lónìí ní àlàáfíà, ó sì ṣeé ṣe kó ní oúnjẹ fún àlejò. Ẹ rí i pé gbogbo àdúgbò ló ń ka ohun tí obìnrin kan fi ọwọ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ kó tó di pé oòrùn yọ.

Oṣù tí kólámù ń gbòòrò

Láti àárín oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kìn-ín-ní ni oṣù tí àwọn Tàmíìlì ń pè ní Margazhi. Oṣù mímọ́ ni. Òun ni wọ́n fi ń rántí Andal, obìnrin kan ṣoṣo nínú àwọn akéwì mímọ́ 12 tí wọ́n ń pè ní Alvar. Ewì rẹ̀, Tiruppavai, ní ẹsẹ 30, wọ́n sì ń kọ ọ́ lórin ní òwúrọ̀ oṣù náà, ẹsẹ kan fún ọjọ́ kan. Ní oṣù yìí, kólámù kì í mọ sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ó ń gbòòrò títí dé àárín títì. Àwọn obìnrin máa ń mọ ìgbẹ́ màlúù ní róbótó, wọ́n á ki òdòdó elégédé tó pọ́n bí pupa ẹyin sí i lórí, wọ́n á gbé e sí àárín ọnà náà.

Bí Margazhi bá parí, ó di Pongal, ọdún ìkórè tó ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní. Wọ́n á se ìrẹsì tuntun pẹ̀lú wàrà àti ṣúgà ìrèké títí yóò fi ru jáde lẹ́nu ìkòkò. Kólámù ọjọ́ náà máa ń ní àwòrán ìkòkò tó ń ru, oòrùn àti igi ìrèké. Ní Mylapore, àdúgbò àtijọ́ kan ní ìlú Chennai, ìdíje kólámù máa ń wáyé lọ́dọọdún ní títì tó yí tẹ́ńpìlì Kapaleeshwarar ká. Àwọn olùdíje á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, oníkálukú lórí ilẹ̀ tí wọ́n pín fún un, òǹwòran á sì tò sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ìṣirò tó wà nínú ìlà

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò dẹtí sí mi dáadáa. Ẹ mú ẹ̀kán, ẹ tò ó ní ìlà mẹ́ta, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kán mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlà yín láti etí, kó máa gba àárín ẹ̀kán kọjá ní dídábùú. Nígbà tó bá dé etí, kó tẹ̀ yí ẹ̀kán etí po, kó tún dábùú padà. Ẹ máa bá a lọ. Ẹ ó rí i pé ìlà kan ṣoṣo á yí gbogbo ẹ̀kán 12 po, á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá tún un ṣe, kó jẹ́ ìlà mẹ́ta ẹlẹ́kàn-án mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí ìlà á padà sílé kó tó yí gbogbo wọn po. Ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò gbà yín. Bó bá jẹ́ mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà, ìlà méjì ni.

Kí ló fà á? Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti sọ. Iye ìlà tí yóò gbà ni nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tó lè pín iye ìlà ẹ̀kán àti iye ẹ̀kán tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan láìsí ìyókù. Nínú 3 àti 4, nọ́ńbà yẹn ni 1. Nínú 3 àti 3, òun ni 3. Nínú 4 àti 6, òun ni 2. Ohun tí a ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì pẹ̀lú àtòpọ̀ nọ́ńbà tó ń mú wọn sùn ni ìyẹ̀fun ń fi hàn kedere lórí ilẹ̀. Bí ìlà bá sì pọ̀ ju ọ̀kan lọ, obìnrin tó mọṣẹ́ mọ ibi tí ìlà méjì ti dábùú ara wọn tó yẹ kí òun ti ṣí i, kí òun tẹ ìlà méjèèjì padà, kí wọ́n lè di ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n mú kólámù kan tó lókìkí, èyí tí wọ́n ń pè ní Hridaya Kamalam, òṣíbàtà inú ọkàn. Ó ní apá mẹ́jọ tó yọ láti àárín, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀kán márùn-ún. Ìlà á bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kán kìn-ín-ní apá àkọ́kọ́, á bọ́ sí ẹ̀kán kẹta apá tó tẹ̀ lé e, á bọ́ sí ìkarùn-ún apá kẹta, á bọ́ sí ìkejì apá kẹrin, á bọ́ sí ìkẹrin apá karùn-ún, á wá padà sí ìkìn-ín-ní ní apá kẹfà. Kìn-ín-ní, kẹta, ìkarùn-ún, ìkejì, ìkẹrin: bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yí po láìdúró. Nítorí pé 8 àti 5 kò ní nọ́ńbà kankan tó lè pín àwọn méjèèjì ju 1 lọ, ìlà náà gbọ́dọ̀ dé orí gbogbo ẹ̀kán 40 kó tó lè padà sílé. Ká ní apá mẹ́wàá ló ní ni, ẹ̀kán 10 péré ni yóò kàn kó tó pa dé, ìlà márùn-ún ni iṣẹ́ náà ìbá sì gbà. Ẹni tó kọ́kọ́ yan mẹ́jọ àti márùn-ún mọ ohun tó ń ṣe. Kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ ṣì wà.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà rí i. Ní Madras Christian College, Gift Siromoney, Rani Siromoney àti Kamala Krithivasan mú kólámù wọ inú ìwádìí wọn. Ní ọdún 1974 wọ́n tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé a lè kọ gírámà fún kólámù gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ gírámà fún èdè. Òfin díẹ̀ á wà nílẹ̀, láti inú òfin díẹ̀ yìí ni kólámù kékeré yóò ti bí ńlá, tí ńlá yóò sì bí èyí tó jù ú lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju eéje lọ. Ìyá tí wọ́n lè pè ní aláìmọ̀wé, tó ń fi kólámù ẹlẹ́kàn-án márùn-ún ṣe ìpìlẹ̀ èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ń lo irú ọgbọ́n kan náà tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe yàwòrán.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí gbà kan ilẹ̀ Áfíríkà. Paulus Gerdes, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní Netherlands, tó fi ayé rẹ̀ kọ́ni ní Mozambique, wádìí nípa sona, ìlà tí àwọn ọkùnrin Chokwe ní ìlà-oòrùn Àǹgólà ń fi ìka yà sínú iyanrìn bí wọ́n bá ń pìtàn. Àwọn náà ń dá ẹ̀kán sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, àwọn náà ń wá ìlà kan ṣoṣo tí yóò yí gbogbo rẹ̀ po láìjá. Gerdes gbé sona àti kólámù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì rí ìlànà ìṣirò kan náà nínú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ká mi lára. Àwọn àgbà díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n dájú ni wọ́n fi ìmọ̀ sona pa mọ́ sí lọ́wọ́. Òwò ẹrú àti ìjọba amúnisìn tú ìlú wọn ká, àwọn àgbà náà kú, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ sì bá wọn lọ. Ohun tó kù, nínú ìwé àwọn míṣọ́nnárì àti olùwádìí ni Gerdes ti ní láti máa ṣà á jọ. Kólámù kò bá a lọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní obìnrin tó mọ̀ ọ́n.

Ràngólì àti àwọn ìbátan rẹ̀

Tamil Nadu nìkan kọ́ ló ń ya ọnà sílẹ̀. Vatsyayana, òǹkọ̀wé Sanskrit ayé àtijọ́, ka 64 iṣẹ́-ọnà tó yẹ kí ọ̀làjú ènìyàn mọ̀, ó sì fi títo ìrẹsì àti òdòdó sílẹ̀ kún un. Lónìí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ní Andhra Pradesh, muggu ni. Ní Maharashtra àti Karnataka, ràngólì ni, orúkọ yìí ló sì tàn kálẹ̀ jù. Ràngólì fẹ́ràn àwọ̀. Nígbà Dìwálì, ọdún ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sí oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, wọ́n á fi ìyẹ̀fun pupa, àwọ̀ ewé, òféèfé àti aláwọ̀ ìyeyè kún inú ọnà náà, wọ́n á to fìtílà amọ̀ yí i ká. Wọ́n tún máa ń ya ojú ẹsẹ̀ Lakshmi, tó kọjú sínú ilé, pé ó ti wọlé. Àwọn ará Íńdíà tó ń gbé ní Èkó náà ń ṣọdún yìí.

Ní Kerala, òdòdó ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà ọdún Onam, tí wọ́n fi ń kí Mahabali, ọba inú ìtàn àtijọ́, káàbọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń tò ó, òbìrí òdòdó náà á sì máa fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Ní òkè Kumaon, ní àríwá Íńdíà, wọ́n ń fi amọ̀ pupa pa ilẹ̀, wọ́n á wá fi omi ìrẹsì funfun yàwòrán sí i lórí. Ní Bengal, alpana ni orúkọ rẹ̀. Ayàwòrán Abanindranath Tagore tẹ ìwé jáde ní 1919 lórí ẹ̀jẹ́ tí àwọn obìnrin Bengal ń jẹ́ àti alpana tí wọ́n ń yà síbẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ Santiniketan ní Bengal, níbi tí ayàwòrán Nandalal Bose ti jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́-ọnà, obìnrin ni wọ́n mú wá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní alpana, Sukumari Devi lórúkọ rẹ̀. Mo ka ìyẹn sí ìdájọ́ òdodo: ẹni tó ni ìmọ̀ ni wọ́n fi jẹ olùkọ́.

Mithila, ní ìpínlẹ̀ Bihar, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ara ògiri àti ilẹ̀ ilé ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń yàwòrán sí. Nígbà tí ọ̀dá dá ní 1966 sí 1967 tí ebi sì gba ìlú, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ọwọ́ fún wọn ní bébà, ó ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n ń yà sí ilé sórí rẹ̀ kí wọ́n lè rí owó. Bẹ́ẹ̀ ni Sita Devi àti Ganga Devi ṣe di ẹni tí ayé mọ̀. Bébà náà bọ́ ọmọ wọn, ó sì gbé orúkọ wọn jáde. Síbẹ̀, bí ìgbéyàwó bá dé ní Mithila, ilẹ̀ ni wọ́n ṣì ń bẹ̀rẹ̀ sí láti ya aripan, ọnà ilẹ̀ tiwọn. Tọjà ń lọ sọ́jà, tilé ń wà nílé.

Nígbà tí ẹnu ọ̀nà di ojú pópó

Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n kà lè di ohùn ìlú. Ní oṣù Kejìlá 2019, ìjọba Íńdíà ṣe òfin tuntun kan nípa ìjẹ́-ọmọ-orílẹ̀-èdè, èyí tó yọ Mùsùlùmí sílẹ̀ nínú àwọn tó lè jàǹfààní rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ní Besant Nagar ní Chennai, àwọn kan fi kólámù kọ ọ̀rọ̀ àtakò sójú títì. Ọlọ́pàá kó wọn. Kò pẹ́ tí kólámù àtakò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu ọ̀nà kiri ìpínlẹ̀ náà, títí kan ilé M. K. Stalin, aṣáájú ẹgbẹ́ alátakò nígbà náà. Ta ló fẹ́ mú obìnrin tó ya kólámù síwájú ilé ara rẹ̀?

Ní Dhaka, olú ìlú Bangladesh, ọnà ilẹ̀ ti di ìrántí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì 1952, wọ́n yìnbọn pa àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà kí èdè Bengali lè jẹ́ èdè ìjọba. Lọ́dọọdún, kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́-ọnà ní Yunifásítì Dhaka máa ń ya alpana ńláńlá sójú ọ̀nà tó lọ sí ibi ìrántí àwọn tó kú náà. Ọjọ́ yìí gan-an ni UNESCO sọ di Ọjọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé ní 1999. Ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún Yorùbá nínú ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ yẹn kan yín.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, nígbà tí wọ́n fẹ́ búra fún Joe Biden àti Kamala Harris ní Amẹ́ríkà, àwọn ayàwòrán bíi Shanthi Chandrasekar ní kí àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo ya kólámù sórí páálí, kí wọ́n lè to gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Chennai ni wọ́n ti bí ìyá Harris. Ẹni tó ju ẹgbẹ̀rún lọ ló kópa, àtọmọdé àtàgbà, àti ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ kólámù rí. Ààbò tí wọ́n mú le ní Washington kò jẹ́ kí wọ́n tò ó síwájú ilé aṣòfin bí wọ́n ti pète, fídíò ni wọ́n fi gbé e jáde.

Ohun tó ń dojú kọ ọ́

Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló dán mọ́rán. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ti ń kúrò nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, òkúta funfun lílọ̀ ni wọ́n ń tà ní ọjà báyìí. Ó rọ ọwọ́, ó funfun báláú, ṣùgbọ́n èèrà kò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀bùn tó wà nínú ọnà náà ti bọ́ nìyẹn, tí àwòrán nìkan kù. Àwọn kan ń lo páìpù oníhò tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti yí i lórí ilẹ̀, bátànì á ti jáde. Àwọn mìíràn ń lẹ sítíkà tó ń wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó ń gbé ní ilé alájà kò ní ilẹ̀ níwájú ilé, obìnrin tó gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́fà kò ní ìdájí tó lè fi sílẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ tí obìnrin nìkan ń jí ṣe, tí ọkùnrin ń sùn, ó yẹ ká béèrè pé ta ló ń gbé ẹrù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi pé sítíkà kì í ṣe kólámù. Sítíkà kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò ka ẹ̀kán, kò wá ọ̀nà tí ìlà yóò gbà padà sílé, kò ronú nípa èèrà. Ohun tó ń pẹ́ nílẹ̀ ni, ìmọ̀ rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Kólámù ìyẹ̀fun, tí kì í lò ju àárọ̀ kan lọ, ló ń fi agbára mú ọwọ́ láti tún un ṣe lọ́la, ọwọ́ tó bá sì ń tún un ṣe lọ́la kò lè gbàgbé.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ká mú lọ sílé? Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe wo iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni wo ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni ìṣirò fi wà lẹ́nu ọ̀nà Tamil Nadu kí ẹnikẹ́ni tó mú un wọ yunifásítì. Ìkejì, ẹ wo sona lẹ́gbẹ̀ẹ́ kólámù. Ìmọ̀ tí a bá há mọ́ ọwọ́ ènìyàn díẹ̀, ikú díẹ̀ ló máa gbé e lọ. Ìmọ̀ tí a bá fi sọ́wọ́ gbogbo ilé, tí a sì ń lò ó lójoojúmọ́, ogun àti ìjọba àjèjì kò lè rí i kó tán. Bí a bá wá ní ìmọ̀ kan tí a fẹ́ràn, èdè ni o, iṣẹ́ ọwọ́ ni o, ká má fi mọ sí mùsíọ́mù àti ìwé nìkan. Ká fi í sí iṣẹ́ òwúrọ̀ ọmọ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo fi iṣẹ́ kan lé yín lọ́wọ́. Lọ́la, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ kó àwọn ọmọ jáde sí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹ ní kí wọ́n dá ẹ̀kán sílẹ̀ ní mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, kí wọ́n wá ìlà kan ṣoṣo tí yóò yí gbogbo rẹ̀ po. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n ṣe mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà. Ẹ má sọ ìdáhùn fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fúnra wọn, kí wọ́n jiyàn lé e lórí, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn obìnrin Tàmíìlì ló kọ́kọ́ fi ìyẹ̀fun kọ́ wa.